Ilé ni a ti ń kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ tí Olùtajà lè rí kọ́ nínú Ìgbàlejò Ọdún

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí abúlé kan ní àgbègbè Akínyẹlé tí a kì í ti í gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìyá ilé a gbá àgbàlá, a fọ ìkòkò àti àwo, a sá ẹní sóòrùn, a sì pọn omi tuntun sínú àmù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilé àwọn Mùsùlùmí nígbà Iléyá. Àwọn ọmọ tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó a padà wálé. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni a ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè ní Mọ́níyà, ẹlòmíràn nínú wọn sì ń gba ojú irin náà wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé, ìbáà ṣe ọmọ ilé, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tí ọmọ ilé mú lọ́wọ́, kò ní jókòó pẹ́ kí a tó gbé omi tútù fún un. Ìrẹsì Kérésìmesì a máa dé ilé Mùsùlùmí, ẹran Iléyá a sì máa dé ilé Onígbàgbọ́, nítorí ìyá kan náà ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá kọjá tán, obìnrin kan náà tí ó fi ẹ̀rín pàdé àlejò ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni a lè bá ní ọjà, tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, tí kò sì gbé ojú sókè. Bí a bá béèrè iye tí ó ń ta gàrí, a dáhùn bí ẹni tí a jí lójú oorun. Bí oníbàárà bá yẹ ọjà wò tí kò rà á, a pòṣé sí i. Oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sábà jà. Yóò rọra kọjá sí ìsọ̀ kejì, a kò sì ní rí i mọ́. Àdánù yìí kì í pariwo, nítorínáà ni ọ̀pọ̀ olùtajà kò fi í mọ̀ pé ó ti bá wọn. Wọn a máa wí pé ọjà kò tà mọ́, tàbí pé ayé ń bẹ lẹ́yìn wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni ó lé èrò sẹ́yìn. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó oògùn sì ń bá oníbàárà náà lọ.

Àwọn àgbà wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwà tí a fi ń gba àlejò ní ilé, ẹ̀ṣọ́ ni. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí a bọ́ ọ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí a bá gbé igbá lérí tí a ń lọ sí ọjà. Ó tọ́ nígbà náà pé kí a yẹ ìgbàlejò ọdún wò ní ẹsẹẹsẹ, kí a sì wo ohun tí ó lè ṣe fún òwò wa.

Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ìbàdàn pé kí ìgbàlejò àti òwò máa gbé inú ilé kan náà. Ní ọdún 1916 ni a dá àdúgbò Sábó sílẹ̀ fún àwọn Hausa ní ìlú náà. Ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abner Cohen gbé àárín wọn ní ọdún 1962 àti 1963, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1969. Ó rí i pé oníṣòwò tí ó kó màlúù wá láti Òkè Ọya kì í mọ àwọn alápatà Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ onílé kan ni yóò sọ̀ sí. Onílé yìí a fún un ní yàrá, a fún un ní oúnjẹ, kì í sì í gba owó ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kan náà ni yóò bá a ta màlúù rẹ̀, àwìn sì ni àwọn alápatà ń rà á, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí alápatà kan bá kọ̀ tí kò san gbèsè rẹ̀, onílé ni yóò fi owó ti ara rẹ̀ dí i, kí àlejò má bàa lọ ní òfo. Èrè onílé ni owó díẹ̀ tí ó ń gbà lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí a bá tà.

Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ọ̀ràn yìí. Kò sí ohun tí ó dè oníṣòwò náà mọ́ ilé onílé yìí ju pé a tọ́jú rẹ̀, pé a kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilé onílé mìíràn kò jìnnà. Nítorínáà onílé ọlọ́gbọ́n mọ̀ pé owó tí òun fi dí gbèsè alápatà kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù tí àlejò náà yóò kó wá ní ọdún tí ń bọ̀. Lónìí ọjà màlúù wà ní Akínyẹlé fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí bí ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń gbé òwò ró, kí ó lọ dúró níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ìmúrasílẹ̀. Kò sí ìyá ilé tí í dúró de ìgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn kí ó tó máa wá àwo kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìsọ̀ rí. Kí a ti gbá ìdí rẹ̀ kí èrò tó dé. Kí kóńgò mọ́. Kí ṣẹ́ńjì wà ní àpò. Kí a má ṣe máa rán oníbàárà àkọ́kọ́ kiri ọjà láti lọ fọ́ owó. Ohun tí a bá ń tà fún jíjẹ, kí a bò ó. Àwọn kan a máa sá gàrí àti láfún sí ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà, níbi tí ekuru ọkọ̀ ti ń bò ó, tí ẹran ọ̀sìn ti ń tẹ̀ ẹ́, tí eku sì ti ń jẹ ẹ́ ní òru. Kì í ṣe ọ̀ràn ìdọ̀tí nìkan ni èyí. Àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní apá Borno, ara irú eku kan ni ó ti ń wá; ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà lórí oúnjẹ sì ni ọ̀nà kan tí ó fi ń dé ara ènìyàn. Kí a sá oúnjẹ sórí ibùsá tí ó ga, kí a kó o wọlé ní àṣálẹ́, kí a sì pa á mọ́ sínú ohun tí ó ní ìdérí. Bí olùtajà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà òun mọ́ tó, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Ṣé mo lè gbé èyí síwájú àlejò mi lọ́jọ́ ọdún?” Bí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀, kí ó má tà á.

Èkejì ni kíkí. Nígbà tí àlejò bá wọlé, a kì í ké mọ́ ọn pé, “Kí ni o wá ṣe?” Ẹ kú àbọ̀ ni a ń kọ́kọ́ wí, lẹ́yìn náà ẹ kú ìrìn, lẹ́yìn náà ìjókòó, lẹ́yìn náà omi, kí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ní ọjà, oníbàárà ọmọlúwàbí a máa kí olùtajà pé, “Ajé á wọ igbá o.” Àdúrà ni ìkíni yìí, ẹni tí a bá sì gbàdúrà fún tí kò ṣe àmín, ara rẹ̀ ni ó ṣe. Ẹlòmíràn a wí pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ó rántí bí ó ti ń ṣe lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí àlejò mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọbẹ̀. Láti ilé ìdáná ni yóò ti ké pé, “Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ jókòó, mo ń bọ̀.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí tó láti mú kí àlejò fi ara balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó tó láti dá oníbàárà dúró títí a ó fi wọn ọjà tán fún ẹni tí ó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Ẹ̀kẹta ni mímọ àlejò. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ìyá ilé mọ̀ pé bàbá àgbà kò ní eyín fún ẹran líle. Ó mọ̀ pé ọmọ Èkó tí ó dé kò lè jẹ ata púpọ̀ mọ́. Kò kọ ọ́ sí ibì kan. Ó fiyè sí i ni. Olùtajà tí ó bá mọ̀ pé gàrí kíkan ni ẹni yìí ń fẹ́, pé ẹni yẹn kò fẹ́ èyí tí ó kan, pé onísọ̀ oúnjẹ kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ ń fẹ́ èlùbọ́ tí kì í dì, ti di ara ilé fún wọn.

Nínú mímọ àlejò, ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn. Bí ọmọ aládùúgbò bá wọ ilé wa lọ́jọ́ ọdún, a kì í fún un ní egungun nítorí pé kò lè ṣọ̀rọ̀. A mọ̀ pé yóò dé ilé, ìyá rẹ̀ yóò sì bi í ní ohun tí ó jẹ. Síbẹ̀ ní ọjà, ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni àwọn kan ń wọn ọjà kíkù fún, òun ni wọ́n ń ti èyí tí ó ti bàjẹ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n gbàgbé pé ìyá kan ń dúró de igbá náà ní ilé, pé yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni àgbẹ̀ tí ó ti oko dé pẹ̀lú ẹ̀wù ìṣiṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó bá kọjú sí alágbàdá tí ó kọ̀yìn sí i lè rí i pé aláṣọ oko ni ó fẹ́ ra àpò mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin ni òṣùwọ̀n. Kò sí ẹni tí í fi òkúta sí abẹ́ ìrẹsì kí àwo àlejò lè kún. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tí ń lu ìdí kóńgò wọlé, tàbí tí ń fi ìda sí inú rẹ̀, kí ó lè tètè kún. Lẹ́yìn èyí wọn a bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, wọn a ní èènì ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí kóńgò kan bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹni tí ó ra kóńgò mẹ́wàá ti pàdánù odindi kan. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè dí i. Ohun oníbàárà ni a mú, tí a sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Èènì tòótọ́ ni èyí tí a bù lé òṣùwọ̀n pípé, láti inú èrè ti wa, gẹ́gẹ́ bí ìyá ilé ti í fi ẹran kan lé àwo àlejò nígbà tí ó ti jẹun dé ìdajì. Oníbàárà tí ó bá dé ilé tí ó tún gàrí rẹ̀ wọ̀n tí ó sì pé, kò ní tún náwó sí ìsọ̀ mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún ni ohun tí à ń ṣe nígbà tí àṣìṣe bá wà. Lọ́jọ́ ọdún, bí àlejò bá gé òkúta nínú ìrẹsì, ìyá ilé kì í ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Kì í wí pé, “Àwọn yòókù jẹ ẹ́, wọn kò ráhùn.” Yóò tọrọ àforíjì, yóò gbé àwo mìíràn wá, nígbà tí ó bá sì padà sí ilé ìdáná yóò yẹ ìkòkò wò. Ohun mẹ́ta yìí ni ó yẹ kí olùtajà ṣe bí oníbàárà bá gbé gàrí oníyanrìn padà wá: kí ó gbọ́ ọ dé òpin láìjá ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó dá owó padà, kí ó sì wádìí ibi tí yanrìn ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa ṣe èkejì láìṣe ẹ̀kẹta, nítorínáà ni ẹ̀sùn kan náà fi ń padà wá. Kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ìjọba Nàìjíríà ti ṣe òfin kan, tí a fi ọdún 2018 sí orúkọ rẹ̀, láti dáàbò bo àwọn oníbàárà. Òfin náà fẹ́ kí a fi iye owó ọjà hàn, ó sì fún ẹni tí ó ra ọjà tí kò bá àpẹẹrẹ mu, tàbí tí ó ní àbùkù, ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tọ́jú oníbàárà bí àlejò kò ní dúró de òfin.

Ẹ̀kẹfà ni sísìn sọ́nà. Ìgbàlejò kì í parí nígbà tí a bá palẹ̀ àwo mọ́. A ń sin àlejò dé ìta, a ń bá a gbé ẹrù rẹ̀, a sì ń ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan láti mọ̀ bí ó ti délé. Ọ̀pọ̀ olùtajà, bí owó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ojú wọn ti kúrò lára ẹni tí ó san án. Kí a dì í dáadáa fún un; kí a bá a gbé e ru; kí a dúpẹ́; kí a sì sọ ọjọ́ tí ọjà tuntun yóò dé. Nígbà tí ó bá tún padà wá, kí a bi í bí èyí tí ó rà ti rí. Ìbéèrè yẹn nìkan lè kọ́ wa ní ohun tí ọdún mẹ́wàá nínú ọjà kò kọ́ wa.

Síbẹ̀ ó yẹ kí a ṣe ìkìlọ̀ kan, nítorí oníbàárà kì í ṣe àlejò pátápátá. Àlejò kì í sanwó. Oníbàárà ń sanwó, òwò sì gbọdọ̀ jèrè kí ó tó lè dúró. Baálé ilé tí ó gún ebu iṣu rẹ̀ ní iyán fún àlejò ní oṣù Kejìlá, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá dé? Bẹ́ẹ̀ ni olùtajà tí ó ń ta àwìn fún gbogbo ènìyàn nítorí ojú ń tì í. Àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní òṣómàáló, tí wọ́n ń káàkiri ìlú àti abúlé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwìn ni wọ́n ń ta, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń san owó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn ó fi gba owó wọn. Láti inú èyí ni orúkọ wọn ti jáde. Ohun tí ó dára nínú ìwà wọn ni pé wọn kò gbàgbé gbèsè. Ohun tí ó sàn ju lílóṣòó lọ ni pé kí a ti kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ọjà tó kúrò nílẹ̀: orúkọ, iye owó, àti ọjọ́ ìsanwó. Inú rere kò ní kí a má ṣe ìṣirò.

Kí oníbàárà pẹ̀lú mọ̀ pé àlejò ní ìwà tirẹ̀. Àlejò rere kì í bú oúnjẹ tí a gbé fún un, kì í sì í fi gbogbo ọwọ́ tú ìkòkò wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ nájà, kí ó nájà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ṣèlérí láti san gbèsè, kí ó san án kí a tó ránṣẹ́ sí i.

Nítorínáà, bí ọdún ti ń bọ̀, kí olùtajà fi àwọn oṣù wọ̀nyí ṣe báyìí. Ní oṣù Kẹwàá, kí ó fọ kóńgò rẹ̀, kí ó sì fi ti ẹlòmíràn tí a gbẹ́kẹ̀ lé wọ̀n ọ́n. Ní oṣù Kọkànlá, kí ó ṣírò iye ọjà tí ó lè tà láìjẹ gbèsè, kí ó sì tún ibùsá gàrí ṣe nítorí ọyẹ́ àti ekuru rẹ̀ ti ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí èrò bá pọ̀, kí ó mú ọmọ kan dání tí yóò máa kí àwọn tí ń dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọjà bá rọ̀, kí ó yẹ ìwé àwìn rẹ̀ wò, kí ó sì ronú kan àwọn tí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí tí kò rí mọ́. Kí ó ránṣẹ́ kí wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ránṣẹ́ sí àlejò tí ó lọ láìjẹun tán, kí ó sì fi sùúrù gbọ́ èsì tí wọn yóò fún un.